Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ wa ní àwọn ò san owó òfò sílẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Akọ̀wéAránṣọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ní àdúgbò kan ní Muṣin. Ọdún kẹfà rèé tí ìwé ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́tàlélógójì ni àwa tá à ń san owó ẹgbẹ́ déédéé, ọmọ iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Mọ́ńdè tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń ṣèpàdé, lábẹ́ páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alága. Ẹni tó bá pẹ́ dé á san N500.

Ní ìpàdé tó kọjá, mo gbé ọ̀rọ̀ Ìlera Èkó dìde, adójútòfò ìlera tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe. Mo ti lọ wádìí ẹ̀ kí n tó débẹ̀, mo sì ti ṣèṣirò ẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, N8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ń san N40,000. (Iye tòní, ẹ lọ bi wọ́n lọ́fíìsì wọn, torí owó nǹkan ò dúró lójú kan nílùú yìí.) Mo pín N8,500 yẹn sí ọjọ́ 365, kò pé N24 lójúmọ́. Omi inú ọ̀rá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ìṣirò yẹn nìkan á ti tó.

Mo tún ní ẹ̀rí tí gbogbo wa fojú rí. Ní oṣù kejì, ìyá kan nínú wa tó ń rán aṣọ àwọn ọmọléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú nídìí ẹ̀rọ. Ó ní ọgbẹ́ inú ni. Ó mu àgbo, ó ra oògùn ní kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè nàró mọ́. Nígbà tá a fi máa gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́ sí i nínú, wọ́n ní ká mú N250,000 wá ká tó gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ. Èmi gan-an ni mo gbé ọ̀rá dání kiri ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí ṣì wà lọ́wọ́ mi: 1,000 níbí, 500 lọ́hùn-ún, ẹnì kan fún mi ní 200, ó ní kí n má kọ orúkọ òun. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ N86,700. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ta ẹ̀rọ wífìn ẹ̀, èyí tó fi ń di etí aṣọ, lọ́wọ́ alẹ́, fún ẹni tó mọ̀ pé wàhálà ló ń tà á. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá yẹn ń bẹ láàyè. Ṣùgbọ́n títí dòní, ó máa ń di aṣọ sórí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n bá a ṣe etí ẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á máa wo ẹ̀rọ mi.

Mo sọ gbogbo èyí nípàdé. Mo parí ọ̀rọ̀, wọ́n dákẹ́. Bàbá kan tó ń rán agbádá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Akọ̀wé, kí ni Yorùbá ń pe nǹkan yìí?" Mo ní adójútòfò. Ó bojú wo gbogbo ilé, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀? Òfò. Ká máa san owó òfò sílẹ̀ lọ́dọọdún." Háà! Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yí orí ká, wọ́n ń ta á dànù: "A ò ní rí òfò, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Alága tó yẹ kó gbè mí lẹ́yìn náà ń ṣe àmín.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́dún tó kọjá wá nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, tí ọdún bá parí tí mi ò ṣàìsàn, ṣé wọ́n á dá owó mi padà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Hẹn-ẹ̀n." Hẹn-ẹ̀n yẹn ló dùn mí jù. Ẹlòmíì ní ìjọba tó wó ṣọ́ọ̀bù òun lójú títì láìsan kọ́bọ̀ ni òun á tún gbé owó ara líle lé lọ́wọ́? Mi ò rí èsì fún ìyẹn.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé káàdì yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni? Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ti di dandan? Kí sì ni mo lè sọ fún àwọn èèyàn mi? Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o, ẹ má fojú bẹ́ẹ̀ wò wọ́n.


Nọ́ọ̀sìTábìlìKáàdì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Èmi ni mo ń jókòó sídìí tábìlì àwọn oníkáàdì ní ọsibítù kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, iṣẹ́ mi ni mo ń jẹ.

Káàdì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ bí àwọn tó ń polówó ẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Owó tẹ́ ẹ bá san, wọn ò kọ orúkọ yín sára ẹ̀ kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ dè yín. Àpò kan náà ni gbogbo èèyàn ń da owó sí. Látinú àpò yẹn ni wọ́n ti ń fún ọsibítù tẹ́ ẹ bá mú ní ìwọ̀nba owó lóṣooṣù lórí olúkúlùkù yín, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Ẹ wá rí i pé tẹ́ ẹ bá jókòó sílé yín, èrè ọsibítù ni. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù kan, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wò yín. Mo ti rí i kí ẹni tó kó owó dání dé lẹ́yìn oníkáàdì kó sì rí dókítà ṣáájú ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọsibítù tẹ́ ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù lẹ gbọ́dọ̀ lọ. Obìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú ọmọ tí ibà ń mì lẹ́yìn ẹ̀. Káàdì ẹ̀ péye, kò sí gbèsè lára ẹ̀, àmọ́ Ìkòròdú ló kọ sí, torí ibẹ̀ ló ń gbé nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Ó ti kó wá sí Ìdí-Òrò látọdún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè pààrọ̀ ẹ̀. Ó san owó ọjọ́ yẹn látàpò ara ẹ̀, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé olè ni wá. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un?

Àìsàn tó bá ju agbára ọsibítù yẹn lọ, wọ́n á kọ̀wé gbé yín lọ sí èyí tó tóbi, ó sì máa gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó káàdì. Kóòdù yìí gan-an ló máa ń fìyà jẹ èèyàn. Mo ti rí bàbá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí aago méjì ọ̀sán, tórí ẹ̀ tẹ̀ sórí ọ̀pá, tó ń retí kóòdù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí, ti pàṣẹ fún àwọn HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó káàdì, pé kóòdù náà kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan. Ó ti sàn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Ní ti dandan: lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. NHIS àtijọ́, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, òfin 1999 ló gbé e kalẹ̀, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì múni ní dandan. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ẹ̀, ìyẹn ló sọ pé gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní in. Ní Èkó, òfin ètò yìí ti wà látọdún 2015, Gómìnà Sanwo-Olu sì tún fọwọ́ sí àṣẹ ní oṣù keje ọdún 2024 pé dandan ni. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n wá mú aránṣọ kankan nídìí ẹ̀rọ torí pé kò ní káàdì. Ẹ má fi òfin dẹ́rù ba àwọn èèyàn yín, wọ́n á kàn kórìíra ẹ̀ ni.

Ohun tí mo kọ́ nídìí tábìlì yìí ni pé nínú N100 tí wọ́n bá ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní N70 tó ń tàpò aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ jáde. Ọ̀rá tẹ́ ẹ gbé kiri ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ni adójútòfò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní.

Ẹ má sì ṣèlérí fún wọn pé gbogbo àìsàn ló wà nínú ẹ̀. Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ́jú aboyún àti ìbímọ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì wà lára èyí tí mo ti fojú ara mi rí tí káàdì gbé. Ẹ gba ìwé tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá. Káàdì kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó, torí náà kò wúlò fún ẹni tí ikùn ti ń run.


TísàTóTiRíi

Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ tèmi bó ṣe rí.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi yọ owó yìí lára owó oṣù mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ tàbí mi ò fẹ́. Lọ́dún kẹsàn-án, ìyàwó mi fẹ́ bímọ, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Mo na káàdì sí wọn. Akáúńtáǹtì ọsibítù yẹn wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni mú ẹja tó ti bàjẹ́. Ó ní HMO yín jẹ wá ní gbèsè oṣù mélòó kan, ẹ lọ mú owó wá, tí wọ́n bá san fún wa, ẹ wá gbà á padà. Ọmọ yẹn ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Mo ṣì ń retí owó náà.

Torí náà, ẹni tó ní òun ò gbé owó lé ìjọba lọ́wọ́, mi ò ní bá a jà. Ohun tí mo rò ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó yìí lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbowó oṣù ni kò dáa. Ní Ghana, òfin 2003 tó dá ètò tiwọn sílẹ̀ gbé owó ẹ̀ lé orí ọjà: 2.5% lórí ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn bá rà, àti ìdá kan lára owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Bí aláṣọ bá ra òwú ní Makola, ọjà ńlá wọn ní Accra, ó ti san díẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀. Àwọn náà ní wàhálà tiwọn, àwọn ọsibítù wọn náà máa ń sunkún pé owó ò tètè dé. Àmọ́ apá tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀ ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan ń bá ìyá tó ń rán aṣọ ọmọléèwé jíròrò bóyá ó gba ìjọba gbọ́. Tiwa, ẹ ti ń san VAT lórí gbogbo nǹkan, wọ́n tún ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín san èyí.


Akọ̀wéAránṣọ

Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìka méjì yẹn, mo rí i bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ọlọ́run á dá ọmọ yẹn sí fún yín.

Ẹ̀yin méjèèjì ti jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ kó èèyàn mẹ́tàlélógójì lọ, tí wọ́n bá dá ẹnì kan padà báyìí lẹ́nu ọ̀nà, orí mi ló máa fọ́. Ìwé ẹgbẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi.


ỌmọAfọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Kwara wá, torí àwa ti jẹ ẹ́ rí kí Èkó tó dé ìdí ẹ̀.

Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Shonga lápá odò Ọya. Ní 2009, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Afọ̀n, ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Owó púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ará Netherlands àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbé e. Èyí tó kan aráàlú, owó tí èèyàn lè yọ nídìí gààrí ni. Ìyá mi ń ta gààrí lọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà látìgbà tí bàbá wa ti kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ń gbọ́ ariwo létí ẹ̀ nìkan ló ń lo oògùn. Nígbà tí káàdì dé, ó ń lọ lóṣooṣù, wọ́n á so nǹkan mọ́ ọn lápá, wọ́n á fún un loògùn. Ó tilẹ̀ mọ iye ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sórí bí iye gààrí. Tẹ́ ẹ bá kí i, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," á ní, "Mo dúpẹ́, 140 ni mo wà."

Kì í ṣe ìyá mi nìkan. Àwọn oníwádìí gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2014 pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará àdúgbò tí ètò náà dé wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ.

Owó àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ wá tán, ètò náà dúró ní 2016. Wọ́n ní ti ìpínlẹ̀ ń bọ̀, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ìyá mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó máa ra oògùn fúnra ẹ̀. Ó padà sí ti ọjọ́ tí etí bá pariwo. Káàdì yẹn ṣì wà nínú àpótí aṣọ ẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tó ti ń ṣí. Nígbà tí ti ìpínlẹ̀ wá dé tí mo ní kí ó jẹ́ ká forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí ò ní kú bíi ti àkọ́kọ́?" Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kọ̀ ni kò mọ̀. Àwọn míì ti mọ̀ ọ́n rí.


BàbáÌbejìPeckham

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kà yín, ẹ kú àtijọ́ o.

Ẹ fi èyí sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀ láti wá bá wa níbí ló ń san owó àìsàn sílẹ̀ kó tó wọ bàálù. Nígbà tí mo wá ní 2022, £624 ni lọ́dún kan, fún àgbàlagbà tó ń bọ̀ bíi tèmi. Físà ọdún mẹ́ta ni mo gbà, torí náà £1,872 ni mo san fún ara mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo san iye yẹn náà fún ìyàwó mi, mi ò tíì rí òjò dídì sójú. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ó ti di £1,035 lọ́dún. Wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn.

Ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí dókítà, torí eyín, eyín náà ò sì sí nínú ẹ̀! Mo tún san tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣé wọ́n dá owó mi padà? Kò sí ẹni tó fọwọ́ yí orí ká nílé wa lọ́jọ́ tí mo ń san án. Màmá mi ló gbàdúrà sí káàdì báǹkì kó lè wọlé.


Olùkọ́ÀgbàTóTiFẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òwúrọ̀. Yorùbá ni mo fi ọdún 34 kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dá sí apá tó kàn mí.

Akọ̀wé, bàbá alágbádá yẹn gbọ́ òfò, kò gbọ́ èyí tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà fún un: *a-dójú-ti-òfò*. Kí là ń pè ní kí a dójú ti èèyàn? Òfò ni wọ́n dójú tì níbẹ̀. Òfò dé, ó rò pé òun máa ba nǹkan jẹ́, ó bá wọn tí wọ́n ti múra sílẹ̀, ojú tì í, ó padà. Àdúrà gan-an ni orúkọ yẹn. Bí ó bá ṣe àmín sí "a ò ní rí òfò," kó yáa ṣe òmíràn sí èyí.

Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ló sì wù mí jù, torí pé àjọ ló wà lọ́kàn ẹ̀. Alájọ máa ń dá owó padà lópin oṣù, ó sì máa yọ tiẹ̀. Ẹ má ṣe fi àjọ ṣàpèjúwe fún un rárá, ẹ ó kàn tún tàn án jẹ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú ẹgbẹ́ yín, bí òbí ọ̀kan bá kú, ṣé ẹ kì í dáwó?


Akọ̀wéAránṣọ

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, obìnrin ni mí àmọ́ mo dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè yín yẹn ni mo fi sùn.

À ń dáwó. N2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá san á san ìlọ́po méjì. Mo jí ní àárọ̀ kùtùkùtù, mo ṣí ìwé ẹgbẹ́ wò. Láàárín ọdún mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ mi, ìgbà 17 la ti dá owó òkú. Mo wá ń wo orúkọ. Alága, bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ ti kú kí n tó dé ẹgbẹ́. Ó san gbogbo ẹ̀, ìgbà mẹ́tàdínlógún, N34,000. Bàbá alágbádá náà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dá kọ́bọ̀ padà fún wọn láéláé, torí kò sí òbí tó kù tí wọ́n á sin. Èèyàn mọ́kàndínlógún nínú wa ló rí bẹ́ẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dúró de ìpàdé. Mo ti dé báyìí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mi ò mẹ́nu ba Ìlera Èkó rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ka àkọsílẹ̀ owó òkú. Mo ń ka orúkọ àti iye. Nígbà tí mo dé orí alága, mo bi í, "Alága, òbí tiyín wo ló kù?" Ó ní kò sí. "Kí lẹ wá ń san N2,000 sí?" Ó bínú, ó ní ṣé òun á máa wo ọmọ ẹgbẹ́ níran ni? Mo ní ẹ ṣeun. Mo wá tú orúkọ yẹn bí Bàbá ṣe tú u. Bàbá alágbádá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn tísà yìí!" Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo sọ ti Nọ́ọ̀sì àti ti Tísà náà fún wọn, láìfi bò. Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ẹnì kan padà, pé tó bá ṣẹlẹ̀, àwa mẹ́ta la máa tẹ̀ lé onítọ̀hún lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe òun nìkan. Ó yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ gan-an ni ọkàn wọn ti balẹ̀. Àṣé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí wọ́n dá dúró níwájú fèrèsé kan tí ẹni inú ẹ̀ ń tẹ fóònù.

Mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i, nínú mẹ́tàlélógójì. Ọsibítù kan náà la fẹ́ kọ gbogbo wa sí. Alága wà lára wọn. Bàbá alágbádá ò sí, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ tó ń ta bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, ó fi N5,000 sínú ìwé mi, ó ní òun fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí n má jẹ́ kí ọkọ òun mọ̀ ná. Ọmọbìnrin fírídọ̀mù yẹn ní òun ń rò ó.

Ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tìtorí ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìyá tí wọ́n ta ẹ̀rọ wífìn ẹ̀, kò lówó tó máa san. Ó jókòó sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Àwọn kan ní ká fi owó ẹgbẹ́ san tiẹ̀, àwọn kan ní tá a bá ṣe é fún un, gbogbo èèyàn ló máa di aláìní lóṣù tó ń bọ̀. A ò tíì parí ìyẹn.

Ìbéèrè méjì ló wá kù. Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀nà kankan wà fún ìyá yìí? Àti pé ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń sùn sílé mi, èmi ni mò ń bọ́ wọn, èmi ni mò ń ra oògùn ibà fún wọn. Ṣé wọ́n lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi?


Nọ́ọ̀sìTábìlìKáàdì

Akọ̀wé, mo pariwo níbi iṣẹ́ nígbà tí mo ka ti alága.

Ìyá yẹn: Òfin Ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% sọ́tọ̀ lára owó tó ń wọlé fún un, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ sì ń gba ọwọ́ àwọn àjọ adójútòfò fún àwọn tí kò ní. Ẹ mú un lọ sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìní sílẹ̀ lọ́wọ́. Kó mú NIN ẹ̀ dání. Àyè ibẹ̀ kì í tó, nítorí náà ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má sì gbà kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá láìsọ ọjọ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ò lè wọ inú ti ìdílé. Ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n ń kà. Ẹ máa san tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ bá àwọn òbí wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ síwèé ẹ̀kọ́ṣẹ́, kó wà lára owó tí wọ́n máa san kí ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.


Akọ̀wéAránṣọ

Ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́! Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ibi tí mo lè fi í sí, ọmọ tuntun kan ń bọ̀ ní Sátidé.